Omi Ló Wá Bá Mi

Èbúté Ọ̀sà,
Àgbádárìgì.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 1978.

Sewanu ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní ìlú Késárì? Ṣé òtútù ti ń fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì léra bí òun ṣe wí. Ara wa le níbí, àmọ́ ara nìkan ló le. Ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo bá sọ ohun tó fà á fún ọ tán, jọ̀wọ́, má rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ìjọ wa máa ń sọdá ọ̀sà lọ sí etí òkun láti ṣe Gálílì. A ó jẹ, a ó mu, a ó sì ṣe eré àwọn Júù nígbà tí Róòmù ń jọba lé wọn lórí. Tíṣà Akíndé ló máa ń ṣe agbowó-orí Jẹ́ríkò, ọkùnrin kúkúrú tó gun igi kó lè rí Olúwa. Wọ́n ti gbé tíṣà lọ sí Ìjànìkin. Kátíkíìsì wò yíká, ó ní ta ló kúrú nínú wa? Gbogbo ìjọ wò mí. Ó ní ta ló sì mọ iṣẹ́ owó-orí? Wọ́n tún wò mí. Èmi tí mo ti ń gba owó èbúté lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láti ìgbà tí o wà ní kíláàsì kejì, ẹnu wo ni n ó fi ní n kò mọ̀ ọ́n?

Mo gun igi àgbọn. O mọ èyí tó tẹ̀ sí apá òkun yẹn, òun ni igi Jẹ́ríkò tiwa. Wọ́n fi àkàbà tì mí lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo sọ̀kalẹ̀, mo gbọn yanrìn kúrò lára, mo gbé ohùn sókè. Mo ní ẹnikẹ́ni tí mo bá ti rẹ́ jẹ, n ó dá ohun rẹ̀ padà fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún sọ ọ́ ní Ègùn kí àwọn apẹja tó wá wòran lè gbádùn ara wọn. Ẹnu mi ni mo ṣì ń là lọ́wọ́ tí ìgbì kan fi yọ látinú òkun, ó bo ẹsẹ̀ mi dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ìwọ náà ọmọ ọ̀sà ni ọ́. O mọ̀ pé àgbàlagbà tó bá fi ẹsẹ̀ sínú omi sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní í kó o jẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe parí ìjà ààlà àwọn apẹja ìgbà náà. Kí n tó gbé ẹsẹ̀, Dosi, opó Mákánjú atukọ̀, ti dìde láàrin àwọn obìnrin.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Ọkọ̀ kan ló gbà lọ́wọ́ mi. Mẹ́rin ni mo ń retí."

Àwọn ará ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Dosi kò rẹ́rìn-ín, àwọn apẹja kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà rèé. Lọ́dún tí Mákánjú kú, obìnrin náà kò san owó èbúté. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe. Mo fi ṣéènì de ọkọ̀ náà mọ́ òpó lẹ́yìn ọ́fíìsì títí yóò fi wá. Kò wá. Òjò pa á, ìkán jẹ ẹ́. Ṣé èmi ni ìkán ni? Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi kò rìn wọ inú omi. Omi ló wá bá mi. Ẹni tó bá ní ojú lára wọn rí i.

Iṣẹ́ tí mo rán ọ nìyí. Ìwé tí a ń kà ní ìjọ sọ pé ọkùnrin Jẹ́ríkò ní òun ó san án. Kò sọ pé ó san án. Mo ti kà á síwá, mo ti kà á sẹ́yìn. Ìwọ wà ní Róòmù níbi tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ń jọba, bá mi wádìí lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Bí kò bá san, kọ ọ́ ránṣẹ́ kí n lè kà á sí Dosi létí.

Ilé wa ní Ibereko ti dé ibi òrùlé. Pákó ìrókò ti wà nílẹ̀, mo fi tapólì bò ó. Yàrá méjèèjì tó kọjú sí ọ̀nà, tìrẹ ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Babátúnjí.


Róòmù.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, 1978.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ látòkèèrè. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé mẹ́ta ni mo ń wọ̀.

Ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Kútọnu kan wà tí a jọ ń gbé yàrá, mo ka lẹ́tà yín fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n sọ fún yín pé bàbá òun kì í dá ọ̀rọ̀ kankan sọ létí omi, kódà bí wọ́n bá bi í ní aago tó lù. Ẹ̀yin lórí àkàbà, Bàbá! Mo fẹ́ kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Eré ni, ẹ má gbé e sọ́kàn. Ẹ ra aṣọ kan tó dára fún Ìyá Dosi, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀ wọ́n. Obìnrin tí inú ń bí, aṣọ ló máa ń tù ú nínú.

Ní tèmi, àwo ni mo ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ kan láàárọ̀, n ó sì lọ kọ́ yíya àwòrán ilé lọ́sàn-án. Lójú ọ̀nà iṣẹ́ mi, ẹnu-ọ̀nà òkúta ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ nígbà tí Róòmù ṣẹ́gun ilẹ̀ Jùdíà tí wọ́n sì jó Jerúsálẹ́mù. Wọ́n gbẹ́ àwọn ọmọ-ogun sínú rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje inú tẹ́ḿpìlì bọ̀ wálé léjìká. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ń gbà lójoojúmọ́, ibòji rẹ̀ dára.

Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìwé ẹ̀rí ìbí mi ní kíákíá nítorí ìwé ìgbélùú. Ẹ bá mi fi gàrí àti ẹja yíyan ìyá mi sí i bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀. Ti wíwádìí ọkùnrin Jẹ́ríkò, bí mo bá ráyè, n ó béèrè.

Ọmọ yín,
Sewanu.


Èbúté Ọ̀sà,
Àgbádárìgì.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà, 1978.

Sewanu,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo ní kí o má rẹ́rìn-ín, o rẹ́rìn-ín, o tún wá pe ọmọ Kútọnu sí i.

Mo ra aṣọ bí o ṣe wí. Àǹkárá tó dára, ìyá rẹ ló yàn án. Mo gbé e lọ sílé Dosi. Ó na aṣọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Ó tún ká a dáadáa, ó fi lé mi léjìká. Ó ní, "Bàbá Sewanu, aṣọ kì í gbé èèyàn sọdá ọ̀sà." Ó bá wọlé lọ. Iwájú ìta ilé rẹ̀ ni mo dúró sí bí ẹni tí wọ́n sá aṣọ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Àwọn apẹja kò gúnlẹ̀ sí èbúté mi mọ́, inú igbó ọ̀gọ̀rọ̀ ọ̀hún ni wọ́n ń já ẹja sí. Lékeléke nìkan ló kù tí mò ń gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ń bi mí pé ṣé mò ń sùn ni. Bí ìyá rẹ bá lọ ra ẹja, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á bi í léèrè ìwọ, wọ́n á sì fi ewé bo agbọ̀n. Ààrò tó fi ń yan ẹja ti tutù, ológbò wa gan-an ti kó lọ sílé ẹlòmíràn. Ẹja yíyan wo ni kí n fi ránṣẹ́ sí ọ?

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹbí méjì ń jà sí ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọjà. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, èmi ni mo di okùn mú. Mo dìde láti sọ ohun tí mo mọ̀. Olórí ẹbí ní, "Bàbá Sewanu, ẹ jókòó, a ti ní ẹlẹ́rìí tó." Kò sí ẹlẹ́rìí kankan níbẹ̀ àfi èmi. Mo jókòó. Inú mi bàjẹ́ débi tí n kò lè jẹun.

Bí mo bá fẹ́ sọdá ọ̀sà báyìí, kò sí ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé mi. Èmi, ọmọ onílẹ̀! Mo ní omi ló wá bá mi, wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ wà nínú èyí. Ìwọ náà ṣe tèmi fún mi. Lọ wádìí.

Bàbá rẹ.


Róòmù.
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, 1978.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi. Ẹ ṣeun fún ìwé ẹ̀rí náà.

Mo ti rí ẹni bi. Ní àdúgbò àwọn Júù, létí odò tó la ìlú yìí já, bàbá arúgbó kan wà tó ń tún agboòrùn ṣe. Áńjẹ́lò ni wọ́n ń pè é. Ó ní àwọn kan nínú baba ńlá òun ti wà ní Róòmù kí ogun tó jó Jerúsálẹ́mù, àwọn yòókù sì bá wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọn lẹ́rú wá. Mo gbé agboòrùn tó ṣẹ́ lọ bá a, ọ̀rọ̀ wá pọ̀. Mo sọ fún un pé mo máa ń gba abẹ́ ẹnu-ọ̀nà òkúta yẹn lọ síbi iṣẹ́. Ó sọ irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò gba abẹ́ rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Bàbá òun kò gbà á, bàbá bàbá òun náà kò gbà á. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á yà gba ẹ̀gbẹ́. Láti ọjọ́ náà, èmi náà ti ń yà, mo sì ti ń pẹ́ débi iṣẹ́.

Mo wá bi í léèrè nípa àwọn agbowó-orí. Ó ní àwọn Róòmù kì í sáábà fi ọwọ́ ara wọn gba owó-orí bodè lọ́wọ́ Júù. Ọmọ ilé ni wọ́n ń wá. Ẹni náà yóò san ti Késárì sílẹ̀, yóò sì wá gba tirẹ̀ lára àwọn ará ilé rẹ̀ bó bá ṣe wù ú, lẹ́nu ibodè, létí odò, lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ní, wọ́n á gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tó bí àwọn èèyàn nínú jù nìyẹn: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ní àwọn àgbà ìgbà náà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba sàráà látinú àpótí agbowó-orí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ilé èèyàn, wọ́n á ka ohun inú ilé náà sí aláìmọ́. Ó sì ní wọn kì í gba ẹ̀rí lẹ́nu wọn.

Bàbá, nígbà tó sọ ti ẹ̀rí yẹn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀bá ọjà ni mo rántí. Lẹ́tà yín wà nínú àpò mi.

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé, mo kàn rẹ́rìn-ín ni, n kò ronú kan ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ Mákánjú! Inú rẹ̀ ni mo jókòó lọ sí ilé-ìwé títí mo fi parí. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Bí ìjì bá ń jà, àárín ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n máa ń fi mí sí, wọ́n á sì máa kọrin kí n má baà sunkún. Ọkọ̀ yẹn lẹ gbà lọ́wọ́ opó wọn, lọ́dún tí wọ́n kú.

Ẹ dá a padà. Mẹ́rin ni ẹ sọ, ẹ dá mẹ́rin padà. Ẹ má bi mí mọ́ bóyá ọkùnrin Jẹ́ríkò san án. Mo ti wò ó títí, n kò rí ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yin àti òun, àfi pé ó mọ igi gùn jù yín lọ.

Ọmọ yín,
Sewanu.


Àgbádárìgì.
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹjọ, 1978.

Sewanu,

Mo ti gba ìwàásù rẹ.

Ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi wọ ọkọ̀ òfúrufú? Ta ló san owó ilé-ìwé tí Mákánjú ń gbé ọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́? O rò pé lékeléke ló san án? Gbogbo ohun tí o jẹ tí egungun rẹ fi le tí o fi lè dúró máa fọ àwo fún àwọn òyìnbó, láti èbúté yìí ló ti wá. Pọ̀ ọ́ síta bí o bá lè pọ̀ ọ́.

Ọkùnrin Jẹ́ríkò kò ní ọmọ tó jókòó sílé Késárì tó ń kọ̀wé bú u. Ìyàtọ̀ nìyẹn.

Mẹ́rin, mẹ́rin! Pákó tó wà nílẹ̀ ní Ibereko, ti ta ni? Òrùlé yàrá rẹ ni. Bí ó bá yá ọ lára láti ṣe olóòótọ́, wá fi òrùlé tìrẹ kan ọkọ̀ fún Dosi, kí o máa wo ojú ọ̀run láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí orí rẹ yóò fi pé.

Babátúnjí.


Róòmù.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá, 1978.

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé, mo kọ ọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara yín yá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá mi rí ẹja rà. Ẹ kọ ìlà kan péré, ẹ fi bú mi bó bá wù yín.

Sewanu.


Róòmù.
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, 1978.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì ní í dìde títí ẹ ó fi dáhùn. Ẹ kú ọyẹ́. Òjò ló ń rọ̀ níbí, ó ń rọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn.

Ẹnì kan tó ti Àgbádárìgì dé sọ fún mi pé ìyá mi ti kó lọ sí Aradagun, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Kò mọ ìdí rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. N kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Mo fọ́ àwo méjì lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá mi bú mi, kò tilẹ̀ dùn mí. Ohun tí mo ń rò ni pé ta ló ń se oúnjẹ yín?

Ẹnu mi ti le jù nínú lẹ́tà oṣù Keje. Ohun tí mo sọ nípa ọkọ̀ náà, n kò ní í kó o jẹ. Ohun tí mo sọ nípa ẹ̀yin àti ọkùnrin Jẹ́ríkò, mo tọrọ àforíjì. Òótọ́ lẹ sọ, inú ọkọ̀ yẹn kan náà ni mo ti jẹun. Ó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà tí mo ti kà á.

Mo padà lọ bá Bàbá Áńjẹ́lò. Mo bi wọ́n pé, tí agbowó-orí bá wá fẹ́ ṣe rere ńkọ́, kí ni àwọn àgbà yẹn ní kó ṣe? Wọ́n ní àwọn àgbà sọ pé ó nira púpọ̀. Àwọn tó bá mọ̀ pé òun gba nǹkan wọn, kó dá a padà fún wọn. Àwọn tí kò rántí mọ́ ńkọ́? Kó fi ṣe ohun tí gbogbo ìlú yóò máa lò, irú bíi kànga, kí ẹni tó rẹ́ jẹ lè máa mu níbẹ̀, bí òun kò tilẹ̀ mọ ẹni náà.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè yín náà, pé ṣé ọkùnrin Jẹ́ríkò san án? Wọ́n ní ìtàn tiyín nìyẹn, kì í ṣe tàwọn. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bí kò bá san ni, ṣé o mọ ariwo tí àwọn ará Jẹ́ríkò ì bá pa? À bá ṣì máa gbọ́ ọ dòní."

Bàbá, ẹ ní kí n wá fi òrùlé mi kan ọkọ̀. N kò rówó wálé, àmọ́ mo gbà. Ẹ kó pákó náà. Ẹ fi yàrá mi kan án, n kò bínú. Mo ti gbé lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn pẹ́ débi pé n kò bẹ̀rù ojú ọ̀run mọ́.

Ẹ dáhùn.

Sewanu yín.


Àgbádárìgì.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin, 1979.

Sewanu ọmọ mi,

O ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀? Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ara wa yá. Ìyá rẹ wà nínú ilé, ó ń yan ẹja, èéfín rẹ̀ ló ń mú ojú mi ṣomi bí mo ṣe ń kọ èyí. Èéfín ni mo wí.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù Kejìlá dé lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo kà á, mo bínú, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo tún yọ ọ́ jáde. Nígbà yẹn, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn ní òun ń lọ sí Aradagun lọ wá ẹja tí wọn kò fi ewé bò. Gàrí ni mo ń rẹ. Àárọ̀ gàrí, alẹ́ gàrí.

Lọ́jọ́ kan mo lọ sí Ibereko, mo ká tapólì kúrò, mo jókòó lórí pákó náà. Mo ń bú ọ. Mo bú ọ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tán ni mo wá ń rí Mákánjú lójú ara mi, tó ń kọrin lójú ìjì, tí orí rẹ yọ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi náà máa ń dúró létí èbúté lọ́jọ́ ìjì, o kò mọ̀, mo máa ń wò yín títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Ojú tì mí, Sewanu.

Mo háyà lọ́rì, mo kó pákó náà lọ sí Aradagun, sọ́dọ̀ Tàjùdíìnì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó ń kan ọkọ̀. Ó bi mí pé ọkọ̀ mélòó? Mo sọ fún un. Ó wo pákó, ó wo ojú mi, ó ní, "Àna, ilé rẹ ńkọ́?" Mo ní kó gbé ayùn. Ìyá rẹ gbé omi wá fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ń sùn sí Aradagun títí iṣẹ́ fi parí. Mo ń di ojú pákó pẹ̀lú òwú àti ọ̀dà títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Pákó òrùlé kò tó, a fi ti ilẹ̀kùn kún un.

Gálílì dé. Kátíkíìsì ti yọ eré Jẹ́ríkò kúrò, ó ní òun kò fẹ́ wàhálà, Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún ni wọn yóò ṣe. Kò sí ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé mi sọdá, bẹ́ẹ̀ ni n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo wọ ọkọ̀ kan, mo so mẹ́ta yòókù mọ́ ọn nídìí, mo ń fi ọ̀pá tu wọ́n lọ. O mọ bí mo ṣe ga tó. Wọ́n ní ní òkèèrè, ọ̀pá nìkan ni wọ́n ń rí. Àwọn apẹja dúró, wọ́n ń wò. Ẹnì kan kò rẹ́rìn-ín, ẹnì kan kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Mo gúnlẹ̀. Àwọn ará ìjọ ti pé jọ sí etí òkun, Dáníẹ́lì ti wọ aṣọ. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù fún mi díẹ̀. Mo bọ́ bàtà sórí yanrìn. Òkun ti fà sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ó jìnnà sí mi, kò sí ìgbì kankan tí yóò wá bá mi. Mo ká ṣòkòtò, mo rìn lọ bá a. Mo rìn títí omi fi dé orúnkún mi. Ibẹ̀ ni mo ti yíjú padà, mo fi Ègùn sọ ọ́, mo tún fi Yorùbá sọ ọ́, pé, "Ọkọ̀ Mákánjú, èmi ni mo dè é mọ́lẹ̀ tó fi jẹrà. Mẹ́rin wà lẹ́yìn yín létí ọ̀sà. Dosi, wá gba nǹkan rẹ."

Dosi kò dúpẹ́ o. Ó bá mi lọ síbi tí àwọn ọkọ̀ wà, ó ń yí wọn po, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ kàn wọ́n níhà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹ̀kẹta ń jò. Lóòótọ́ ló ń jò, èmi ni mo di ojú ìyẹn. Ó ní kí n tún un dì.

Mo sọ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kànga tí bàbá yẹn sọ, mo rò ó. Omi pọ̀ níbí ju kí a tún máa gbẹ́ kànga lọ. Mo bẹ Dosi, ó yá mi ní ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé sọdá láàárọ̀. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Dosi ni ọ̀gá mi báyìí, bí mo bá pẹ́, yóò bú mi dé orí bàbá mi. Díẹ̀ nínú àwọn apẹja ti padà sí èbúté, àwọn kan kò tíì padà. Bí mo bá kọjá, mo ń wò wọ́n, mo ń rò ó pé kí ni mo gbà lọ́wọ́ eléyìí? Kí ni mo gbà lọ́wọ́ tọ̀hún? Oorun mi kò tíì wọra bíi tàtijọ́.

Bá mi kí bàbá alágboòrùn. Sọ fún un pé mo rò pé ọkùnrin Jẹ́ríkò san án, àti pé kò dùn mọ́ ọn rárá lọ́jọ́ tó san án.

Nígbà tí mo jáde nínú omi lọ́jọ́ Gálílì, mo wá bàtà mi tì. Mo rò pé òkun ti gbé e lọ. Mo wò yíká, ọwọ́ ìyá rẹ ni mo rí i. Àárín àwọn ará Aradagun tó wá wòran ló wà láti ìgbà yẹn, ó ti gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù.

Wálé nígbà tí o bá lè wá. Ilé Ibereko kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, koríko ti ń hù nínú yàrá rẹ. Bí o bá ń bọ̀, ra agboòrùn lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ra èyí tó fẹ̀, mẹ́ta ni wá.

Bàbá rẹ,
Babátúnjí.